Àwọn àyè tí ẹ ò fọwọ́ kàn gan-an ni kí ẹ wò

Tí ẹ bá ṣí fóldà tẹ́ẹ̀sì (kóòdù tó ń dán kóòdù mìíràn wò) nínú láíbúrárì ìṣirò èyíkéyìí (àkójọ kóòdù ìṣirò tí wọ́n ti kọ sílẹ̀ fáwọn ẹlòmíì láti lò), orí àwọn iṣẹ́ ńlá ńlá lẹ máa rí i pé wọ́n ti lo agbára wọn jù, bí wọ́n ṣe ń yanjú ẹgbẹ̀rún ìdọ́gba pa pọ̀, bí wọ́n ṣe ń wá eigenvalue, bí wọ́n ṣe ń fọ́ mátíríìsì sí wẹ́wẹ́. Ìyẹn dáa, mi ò bá wọn jà. Àmọ́ ibi témi máa ń kọ́kọ́ lọ ni ibi tí wọ́n ti dán ìlà kan ṣoṣo wò, v[3] = 7.5. Kí wọ́n mú nọ́ńbà kan, kí wọ́n fi sí àyè kan nínú fẹ́kítọ̀, ìyẹn ọ̀wọ́ nọ́ńbà tó tò tẹ̀ léra, ó parí. Torí gbogbo ìdọ́gba yẹn àti gbogbo eigenvalue yẹn, orí ìlà yìí ni wọ́n dúró lé, tí kò bá dá wa lójú pé nọ́ńbà tá a kọ síbì kan ló wà níbẹ̀, kí wá la fẹ́ máa ṣírò?

Tẹ́ẹ̀sì tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń kọ fún un rèé: ṣe fẹ́kítọ̀ alápá márùn-ún, kó òdo sí gbogbo ẹ̀, fi 7.5 sí ipò 3, ka ipò 3 padà, tó bá jẹ́ 7.5 ó ti yege nìyẹn. Èmi ò gbà pé tẹ́ẹ̀sì yẹn dán nǹkan kan wò. Fọ́ńṣọ̀n (ìyẹn kóòdù tó ń ṣe iṣẹ́ kan pàtó) tó bá kó 7.5 sí gbogbo àyè márààrún máa yege. Èyí tó kọ ọ́ sí ipò 3 tó tún kọ ọ́ sí ipò 4 máa yege. Èyí tó ń ka ipò láti ìparí bọ̀ síwájú, tí kíkọ àti kíkà ẹ̀ jọ ṣìnà lọ́nà kan náà, ìyẹn náà máa yege láìsí wàhálà. Ẹ wo àdúgbò tí ojúlé ẹ̀ tò lẹ́sẹẹsẹ, tí wọ́n ní kí ẹnì kan lọ fi lẹ́tà jíṣẹ́ ní ojúlé karùn-ún, tí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ó jíṣẹ́ ọ̀hún bó ṣe yẹ, ẹ ò ní kan ilẹ̀kùn ojúlé karùn-ún nìkan, ẹ máa béèrè ní ojúlé kẹrin àti ìkẹfà náà bóyá wọ́n já nǹkan kan sílẹ̀ fáwọn.

Gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ ò ju ìyẹn lọ ṣá. Ibi tí ẹ kọ nọ́ńbà sí ò fi bẹ́ẹ̀ ní àṣírí, gbogbo èèyàn ló ń wo ibẹ̀. Àwọn ibi tí ẹ ò fọwọ́ kàn ni bọ́ọ̀gì, ìyẹn àṣìṣe inú kóòdù, máa ń sá pamọ́ sí.

Nítorí náà kí wọ́n tó kọ ohunkóhun, mo fẹ́ kí fẹ́kítọ̀ ọ̀hún ti kún, kí àyè kọ̀ọ̀kan sì ní nọ́ńbà tiẹ̀ tí kò jọ ti ẹlòmíì: 101, 102, 103, 104, 105. Kí ó má ṣe jẹ́ òdo o jàre. Òdo ló burú jù nínú gbogbo nǹkan tí wọ́n lè fi kún fẹ́kítọ̀ nínú tẹ́ẹ̀sì, torí mẹ́mọ́rì tí kọ̀ǹpútà ṣẹ̀ṣẹ̀ fún wa sábà máa ń jẹ́ òdo fúnra ẹ̀, fọ́ńṣọ̀n tó bá sì ń pa àwọn àyè yòókù rẹ́ mọ́ òdo, kò sí bí ẹ ṣe fẹ́ rí i. Ẹ kún un báyìí, ẹ kọ 7.5 sí ipò 3, kí ẹ wá wo gbogbo fẹ́kítọ̀ látòkè délẹ̀, kí ẹ sì fi àyè méjì mẹ́ta síwájú ẹ̀ àti sẹ́yìn ẹ̀ nínú mẹ́mọ́rì, kí ẹ wo àwọn náà.

Láíbúrárì tí mo ti rí ẹ̀kọ́ yìí kọ́ jù ni GSL, ìyẹn GNU Scientific Library. Mark Galassi àti James Theiler, onímọ̀ físíìsì méjì ní Los Alamos National Laboratory ní Amẹ́ríkà, ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ní 1996, èdè C ni wọ́n fi kọ ọ́. Fẹ́kítọ̀ inú GSL kì í ṣe nọ́ńbà tó kàn tò kalẹ̀, nǹkan márùn-ún ló ń gbé dání: size tó ń sọ iye nọ́ńbà tó wà níbẹ̀, stride tó ń sọ ìgbésẹ̀ tí wọ́n máa gbé láti orí nọ́ńbà kan dé orí èyí tó tẹ̀ lé e, data tó ń tọ́ka síbi tí nọ́ńbà àkọ́kọ́ wà, block tí mẹ́mọ́rì ọ̀hún wà nínú ẹ̀, àti owner tó ń sọ bóyá fẹ́kítọ̀ yìí ló ni block náà àbí ó kàn yá a lò. Tí ẹ bá wá ní kí gsl_vector_set fi x sí ipò i, ohun tó máa ṣe ni kó kọ x sí data[i * stride], kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ wá wo bí wọ́n ṣe dán an wò. Wọ́n á kọ nọ́ńbà i sí ipò i, kí ipò kan má bàa jọ èkejì. Tí wọ́n bá fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò, wọn ò kọ́kọ́ ní kí gsl_vector_get bá wọn kà á o, àwọn fúnra wọn á wọnú data lọ wo mẹ́mọ́rì níhòòhò, ìgbà tí wọ́n bá rí i pé ohun tó yẹ kó wà níbẹ̀ ló wà níbẹ̀ ni wọ́n tó wá dán get wò lọ́tọ̀. Mo fẹ́ràn ìyẹn gan-an. Torí tí set bá ń ṣìnà tí get náà ń ṣìnà bíi tiẹ̀, àwọn méjèèjì á kàn máa jẹ́rìí síra wọn ni, tẹ́ẹ̀sì tó bá sì jẹ́ pé ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo ló ní, tí ẹlẹ́rìí ọ̀hún sì jẹ́ ọmọ ìyá ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn, kí lẹ fẹ́ rí mú níbẹ̀?

Wọ́n tún ń ṣe é fún oríṣiríṣi gígùn àti oríṣiríṣi stride, ibi tí ọ̀rọ̀ sì ti ń gbóná fún mi nìyẹn. Ẹ jẹ́ ká sọ pé mátíríìsì kan ní ìlà mẹ́ta àti kọ́lọ́ọ̀mù mẹ́rin, bí C ṣe máa ń tò ó ni pé ìlà kan á parí kí ìlà kejì tó bẹ̀rẹ̀, nọ́ńbà méjìlá lórí ìlà gbọọrọ kan. Tí ẹ bá wá fẹ́ lo kọ́lọ́ọ̀mù kejì bíi fẹ́kítọ̀, nọ́ńbà mẹ́ta ni, stride ẹ̀ á jẹ́ 4, ẹ á máa fo mẹ́ta láàárín. Àwọn mẹ́ta tí ẹ ń fò yẹn kì í ṣe ilẹ̀ òfìfo, ti àwọn kọ́lọ́ọ̀mù yòókù ni. Ẹni tó bá gbàgbé láti fi stride sọ i di púpọ̀ máa kọ nọ́ńbà ẹ̀ sínú kọ́lọ́ọ̀mù ẹlòmíì, púrógíráàmù ò ní kú, kò ní sí ẹ́rọ̀ kankan, èsì á jáde tó dáa lójú. Kódà AddressSanitizer tàbí Valgrind, tó mọ bí wọ́n ṣe ń mú ẹni tó bá kọ nǹkan síta mẹ́mọ́rì tí wọ́n fún un, ò ní sọ nǹkan kan, torí kò jáde síta, inú block kan náà ló ṣì wà. Àfi tẹ́ẹ̀sì tó wo àwọn àyè tó wà láàárín. Stride yìí ò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ dé o, BLAS, ìyẹn àkójọ fọ́ńṣọ̀n ìṣirò tí Lawson, Hanson, Kincaid àti Krogh gbé jáde ní 1979 fún èdè Fortran, ti ní i, incx ni wọ́n ń pè é níbẹ̀, ó tiẹ̀ lè jẹ́ nọ́ńbà tó wà nísàlẹ̀ òdo, tí wọ́n á fi máa rìn láti ìparí bọ̀ wá sí ìbẹ̀rẹ̀. Mélòó nínú wa ló ń rántí dán ìyẹn wò?

Gígùn náà ní ọ̀rọ̀ tiẹ̀. Àwọn ẹ̀rọ òde òní kì í gbé nọ́ńbà lẹ́yọ lẹ́yọ mọ́, AVX, ìyẹn àwọn àṣẹ kan nínú ẹ̀rọ, máa ń kó nọ́ńbà oníbít 64 mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, láíbúrárì Eigen tí wọ́n fi C++ kọ sì ń lo irú ẹ̀ dáadáa. Tí gbogbo fẹ́kítọ̀ inú tẹ́ẹ̀sì yín bá jẹ́ 4, 8, 16, ẹ ò tíì rí kóòdù tó ń bójú tó àwọn tó ṣẹ́ kù lẹ́yìn mẹ́rin mẹ́rin. Ẹ lo 5, ẹ lo 7, ẹ lo 9, ẹ lo 1, ẹ sì lo fẹ́kítọ̀ tí kò ní nǹkan kan nínú rárá.

Ọ̀rọ̀ ìta ààlà ńkọ́? Ẹ mú ipò -1. Ní NumPy, láíbúrárì ìṣirò ti èdè Python, -1 ni àyè tó gbẹ̀yìn, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀. Ní GSL, nọ́ńbà tí kò lè lọ sísàlẹ̀ òdo ni wọ́n fi ń ka ipò, torí náà -1 á yí padà di 18446744073709551615 lórí ẹ̀rọ oníbít 64, ẹ̀ṣọ́ ààlà á sì dá a dúró tí ẹ̀ṣọ́ bá wà níbẹ̀. Ní PETSc, láíbúrárì fún ìṣirò tó pín sórí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà, ẹ lè tan VEC_IGNORE_NEGATIVE_INDICES, á kàn fo gbogbo ipò tó bá wà nísàlẹ̀ òdo bíi pé ẹ ò dárúkọ ẹ̀. Ti MATLAB, èdè ìṣirò kan, tún yàtọ̀ lápá òkè, ẹ kọ nǹkan sí v(7) nígbà tí v ò ní ju márùn-ún lọ, á na fẹ́kítọ̀ yẹn di méje, á fi òdo dí ipò 6, á sì máa bá tiẹ̀ lọ. Mi ò sọ pé ọ̀kan burú ju èkejì lọ, ohun tí mò ń sọ ni pé ìpinnu ni gbogbo ẹ̀, ìpinnu tí kò bá sì ní tẹ́ẹ̀sì, ẹni tó máa tún kóòdù ṣe lọ́jọ́ iwájú máa yí i padà láìmọ̀, àwọn tó ń lò ó lá á sì jìyà ẹ̀.

Ọwọ́ GSL tún dára níbí. Tí ipò bá ti kọjá ààlà, ohun tí GSL máa ń ṣe tí ẹ ò bá sọ nǹkan kan fún un ni kó pa púrógíráàmù sójú ẹsẹ̀, torí náà àwọn tó kọ tẹ́ẹ̀sì fi fọ́ńṣọ̀n tiwọn rọ́pò èyí tó ń pa á, wọ́n wá gbìyànjú ibi mẹ́ta: ìsàlẹ̀ ààlà, òkè ààlà, àti orí ààlà gangan. Ti orí ààlà yẹn ni mi ò lè fọwọ́ yẹpẹrẹ mú. Fẹ́kítọ̀ alápá márùn-ún, ipò ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti 0 ó parí sí 4, ipò 5 ni ibi tí ẹni tó kọ i > size dípò i >= size máa gbà kọjá. Àwa èèyàn a máa ń ka nǹkan láti orí ení, Fortran náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, C bẹ̀rẹ̀ láti òdo, láàárín àwọn méjèèjì ni àṣìṣe yìí ti máa ń wọlé, PETSc tiẹ̀ ní kí ẹ máa fi òdo bẹ̀rẹ̀ nínú VecSetValues kódà tó bá jẹ́ Fortran lẹ fi ń kọ tiyín. Lẹ́yìn tí ẹ́rọ̀ bá sì ti jáde, ẹ tún wo inú fẹ́kítọ̀. Ó yẹ kí 101 dé 105 ṣì wà bí wọ́n ṣe wà. Ẹni tó kọ nǹkan tán kó tó pariwo pé kò yẹ kí òun kọ ọ́, kò ṣe wá lóore kankan.

Ẹ rántí pé ẹ̀ṣọ́ yìí ṣeé lé lọ. GSL_RANGE_CHECK_OFF á lé e lọ ní GSL, NDEBUG á pa àwọn assert Eigen, ìyẹn àwọn àyẹ̀wò inú kóòdù ẹ̀, lẹ́nu mọ́, torí kí nǹkan lè yá. Ẹ kọ́ láíbúrárì yín lọ́nà méjèèjì kí ẹ dán méjèèjì wò, torí èyí tí kò lẹ́ṣọ̀ọ́ làwọn èèyàn máa lò lẹ́nu iṣẹ́.

Ohun kan tún wà tí mi ò lè gbà láéláé, ìyẹn kí wọ́n máa fi pé ó sún mọ́ ọn dán kíkọ nọ́ńbà wò. Gbogbo wa la mọ̀ pé nínú kọ̀ǹpútà 0.1 + 0.2 máa ń di 0.30000000000000004, bí ìlànà IEEE 754 ti 1985 ṣe ń tọ́jú nọ́ńbà ló fà á, 0.1 ò ṣeé kọ ní bínárì kó pé pérépéré. Èyí ló jẹ́ kó ti mọ́ àwọn èèyàn lára láti máa sọ pé tí ìyàtọ̀ ò bá ti ju 0.000001 lọ, ó ti yege. Tó bá jẹ́ ìṣirò, ó bójú mu. Àmọ́ kíkọ nọ́ńbà sí àyè kì í ṣe ìṣirò. Ẹnikẹ́ni ò ro nǹkan pọ̀ níbẹ̀, ẹnikẹ́ni ò yọ nǹkan kúrò, bít 64 ló wọlé, bít 64 kan náà gẹ́lẹ́ ló gbọ́dọ̀ jáde. Ẹ jẹ́ ká ní láíbúrárì kan lọ gba ibi oníbít 32 kọjá níbì kan láìmọ̀, 0.1 tí ẹ kọ máa padà jáde bíi 0.10000000149011612. Ìyàtọ̀ yẹn ò tó 0.000000002, tẹ́ẹ̀sì tó gba 0.000001 láyè á ní kó máa lọ, bẹ́ẹ̀ nọ́ńbà yín tó ṣeé gbára lé dé bíi dígíìtì mẹ́rìndínlógún ti di bíi méje. Ìbádọ́gba gan-gan ló máa mú un. Èmi máa ń fi 16777217 sí i, torí ibi oníbít 32 ò lè gba nọ́ńbà yẹn, á sọ ọ́ di 16777216. Ẹ fi NaN náà sí i, ìyẹn àmì pé ohun tó wà níbẹ̀ kì í ṣe nọ́ńbà, ẹ kàn rántí pé NaN kì í bá ara ẹ̀ dọ́gba, ẹ ò lè fi == wò ó. Ẹ fi -0.0 sí i, ìyẹn ń bá 0.0 dọ́gba nígbà tí bít wọn ò dọ́gba, torí náà ẹ wo àmì ẹ̀ lọ́tọ̀.

Ẹni tó bá rò pé mò ń ṣe àṣejù lórí ọ̀rọ̀ àyè tó kéré ju nǹkan tí wọ́n fẹ́ fi sínú ẹ̀ lọ, kó rántí Ariane 5. Ní June 4, 1996, rọ́kẹ́ẹ̀tì yẹn gbéra ní Kourou ní French Guiana, kò tíì pé ìṣẹ́jú kan lójú ọ̀run tó fi fọ́ yángá, pẹ̀lú sátẹ́láìtì Cluster mẹ́rin tó gbé. Nọ́ńbà oníbít 64 kan ni wọ́n fẹ́ fi sínú àyè oníbít 16, tí kò lè gbà ju 32767 lọ. Kóòdù tó ti ṣiṣẹ́ dáadáa fún Ariane 4 ni, Ariane 5 ń sáré ju ìyẹn lọ, wọn ò sì dán kóòdù yẹn wò lórí ọ̀nà tí Ariane 5 máa tọ̀ gan-an. Irú ẹ̀ ṣì wà nílé wa, ní NumPy, tí fẹ́kítọ̀ yín bá jẹ́ ti nọ́ńbà odidi, ẹ kọ a[0] = 3.9, 3 lẹ máa bá níbẹ̀, kò ní sọ fún yín. Láti NumPy 2.0 ti 2024, 300 tí ẹ bá fẹ́ fi sí àyè int8, ìyẹn àyè nọ́ńbà odidi oníbít 8, máa mú ẹ́rọ̀ jáde, inú mi sì dùn sí ìyẹn.

NumPy yìí náà ló ní tẹ́ẹ̀sì tí mo máa ń fi han àwọn tó ń kọ́ṣẹ́. Ẹ ṣe fẹ́kítọ̀ òdo mẹ́ta, kí ẹ kọ a[[0, 0, 2]] += 1. Ẹ dárúkọ ipò 0 lẹ́ẹ̀mejì, ọ̀pọ̀ èèyàn á ní èsì ẹ̀ ni 2, 0, 1. Ohun tó máa jáde ni 1, 0, 1. Ìdí ni pé ó kọ́kọ́ ka gbogbo wọn jáde, ó fi 1 kún ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó wá kó wọn padà, èyí tó dé kẹ́yìn ló sì bo ti àkọ́kọ́ mọ́lẹ̀. Tí 2 lẹ bá fẹ́, np.add.at ni kí ẹ lò. Ẹ tún wò ó, tí ẹ bá ní b = a[2:5], view ni b, ìyẹn fèrèsé tó ń wo inú a, tí ẹ bá kọ nǹkan sínú b, a fúnra ẹ̀ á yí padà, àmọ́ tí ẹ bá ní b = a[[2, 3]], ẹ̀dà ni b, ohun tí ẹ bá kọ sínú b ò kan a. Tẹ́ẹ̀sì tó bá wo ohun tí wọ́n kọ sí nìkan ò ní mọ ìyàtọ̀ láàárín àwọn méjèèjì, ó gbọ́dọ̀ padà lọ wo a.

Ibi tí gbogbo ẹ̀ ti wá le jù ni ibi tí fẹ́kítọ̀ kan ṣoṣo ti pín sórí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà. PETSc tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 1991 ní Argonne National Laboratory, lẹ́bàá Chicago, irú iṣẹ́ yẹn ló ń ṣe. Kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan ló ni apá tiẹ̀ nínú fẹ́kítọ̀, àmọ́ èyíkéyìí nínú wọn lè pe VecSetValues fún ipò tó wà lọ́dọ̀ ẹlòmíì. Nọ́ńbà ọ̀hún ò ní lọ lójú ẹsẹ̀, wọ́n á fi pamọ́ títí ẹ ó fi pe VecAssemblyBegin àti VecAssemblyEnd, ìgbà yẹn ló tó rìnrìn àjò. Tí ẹ bá lo INSERT_VALUES, á bo èyí tó wà níbẹ̀, tí ẹ bá lo ADD_VALUES, á rò ó mọ́ ọn, ẹ ò sì lè pa méjèèjì pọ̀ láìjẹ́ pé ẹ kọ́kọ́ ṣe assembly láàárín. Tẹ́ẹ̀sì tí ẹ bá sáré ẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ò lè rí ìkankan nínú èyí, kò sí ẹni tó ń fi nǹkan ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni. Ẹ fi méjì sáré ẹ̀, kí ẹ fi mẹ́ta náà, kí gígùn fẹ́kítọ̀ má ṣe pín dọ́gba, kí ìkọ̀ọ̀kan kọ nǹkan sí apá ẹlòmíì, kí ìkọ̀ọ̀kan sì wo gbogbo apá tiẹ̀ lẹ́yìn náà, pàápàá èyí tí kò sẹ́ni tó ránṣẹ́ sí.

ADD_VALUES nìkan ni ìbádọ́gba gan-gan tí mò ń pariwo ẹ̀ ti fẹ́ dojú kọ ìṣòro, torí ìṣirò ti wọ̀ ọ́ báyìí, a ò sì mọ kọ̀ǹpútà tí nọ́ńbà ẹ̀ máa kọ́kọ́ dé. Ẹ ro 10000000000000000 pọ̀ mọ́ 1 kí ẹ tó yọ 10000000000000000 kúrò, òdo lẹ máa rí, ẹ yọ ọ́ kúrò ná kí ẹ tó ro 1 mọ́ ọn, ẹ máa rí 1. Ọ̀pọ̀ èèyàn tó bá dé ibí máa ń juwọ́ sílẹ̀ kí wọ́n padà sórí 0.000001. Kò pọn dandan. Nọ́ńbà odidi ni kí ẹ fi sínú tẹ́ẹ̀sì yẹn, 1, 2, 3, 40, 500, torí àyè oníbít 64 ń gba gbogbo nọ́ńbà odidi títí dé 9007199254740992 láìpàdánù ẹyọ kan, ẹ rò wọ́n pọ̀ láti ọ̀tún, ẹ rò wọ́n pọ̀ láti òsì, kí kọ̀ǹpútà kẹta ṣáájú àkọ́kọ́ dé, àròpọ̀ wọn á bára dọ́gba, == á sì ṣiṣẹ́ níbẹ̀ bó ṣe ń ṣiṣẹ́ lórí v[3] = 7.5.